Owó Ń Lọ, Ife Kò Dé: Ọ̀ràn Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa

Ní sáà bọ́ọ̀lù ọdún 2024 sí 2025, ohun méjì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó yẹ kí ó mú wa ronú. Èkíní, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èkejì, ní sáà kan náà, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ já bọ́ kúrò nínú líìgì náà. Ẹ wò ó dáadáa o. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú, ìjọba odidi ìpínlẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kí ló wá fà á tí ẹni tó ní ìṣúra ìjọba lẹ́yìn fi ṣubú, tí ìlú kékeré sì gba ife?

Bí ẹ bá dé Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí ẹ dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò ní pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ìráhùn. Wọ́n á ní lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó agbábọ́ọ̀lù tuntun dé, lọ́dọọdún ni àwọn tó dára ń lọ, owó ń jáde, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tó gbà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ráhùn mọ́. Arsenal àti Chelsea ni wọ́n ń lọ wò ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò, nítorí ìráhùn yìí kì í ṣe ti àná.

Kí ó tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, kò sí ohun tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú, ni Ìfọ́n, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ wà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí iléeṣẹ́ ìjọba ń bọ́ ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tiwọn náà ni. Orúkọ WNDC, iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn, ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ nígbà tó gba ife Challenge Cup lọ́dún 1971. Owó kòkó sì wà nínú owó tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń sá kòkó sí ojúde rẹ̀ ní ìhà Ọ̀wọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọwọ́ òun wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, bí kò tilẹ̀ fojú kan pápá ìṣeré Ìbàdàn rí.

Nígbà tó yá, orúkọ yí padà sí IICC Shooting Stars. Ọdún 1976 tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó, ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ yìí gba ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé, ní Cameroon, ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ yìí ló gba ife náà lọ́dún 1975 tó ṣáájú, Roger Milla sì wà nínú wọn. IICC fi góòlù 4 sí 1 nà wọ́n nílé, wọ́n pàdánù góòlù 1 sí òdo lọ́hùn-ún, ife sì di tiwọn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Lábẹ́ òfin, ará Ìfọ́n ti di ará ìpínlẹ̀ mìíràn nígbà náà, ẹgbẹ́ náà sì ti di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi òfin pín ìdùnnú?

Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bí wọ́n ṣe kó ẹgbẹ́ yẹn jọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n rà á. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìbàdàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 síwájú ló ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi pa bọ́ọ̀lù tì ní 1984. Mudà Lawal ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí wọ́n tó rí i. Best Ogedegbe ń ṣọ́lé, Samuel Òjébọ̀dé ń dí ẹ̀yìn. Wọ́n kó àlejò mọ́ ara wọn náà, nítorí Joe Appiah àti Phillip Boamah jẹ́ ọmọ Ghana. Ẹ ò rí i pé rírà kò burú? Àlejò wá bá onílé ni. Kì í ṣe pé wọ́n lé onílé jáde láti gba àlejò. Àwọn kan náà jọ ń gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ẹsẹ̀ wọn fi mọ ara wọn. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí òdo ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí ló gbá góòlù méjì wọlé, Mudà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ilé kan náà ni góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1984, Shooting Stars tún dé àṣekágbá, èyí tó ga jù lọ ní Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n ní 2 sí òdo ní Cairo, wọ́n tún nà wọ́n ní 1 sí òdo ní Èkó. Ó dùn wá wọra. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ló burú jù: ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà ni wọ́n tú ká o, bí ẹni tó fi ìbínú ge igi ọsàn nítorí pé kò so tó tọdún tó kọjá. Rashidi Yekini, tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, gba Abẹ́òkúta lọ. Òun náà ló wá gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé, ní 1994. Lóòótọ́, wọ́n tún ẹgbẹ́ náà kó jọ, ó gba ife CAF ní 1992, ó sì tún dé àṣekágbá ńlá ní 1996. Ṣùgbọ́n kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Ó já bọ́ ní 2017, ọdún 2021 ló tó gòkè padà.

Àwọn kan á sọ pé ìjọba ló ń ba nǹkan jẹ́, pé kí a gbé ẹgbẹ́ fún olówó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo àwọn olówó.

Stationery Stores ti Èkó ni ká kọ́kọ́ mú. Israel Adébàjọ́, oníṣòwò ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gbá ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil ní ìdíje Òlíńpíìkì 1968 ní Mexico, ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n. Adébàjọ́ kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà ṣì gbìyànjú, ó gba ife ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tó ni ín kò tán, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ẹgbẹ́ tí èrò Èkó fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn sì wó lulẹ̀.

Leventis United ńkọ́? Iléeṣẹ́ Leventis dá a sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1982. Owó wà, wọ́n sì ná an. Láti ìpele kẹta ni wọ́n ti gòkè bí ẹni ń gun àkàbà. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje Áfíríkà ní 1985, wọ́n gba líìgì àti Challenge Cup pọ̀ ní 1986. Ní 1987, iléeṣẹ́ náà pa ẹgbẹ́ rẹ́. Ọdún márùn-ún péré! Ẹni tó ra fìlà wọn ní 1986, kí fìlà náà tó gbó, ẹgbẹ́ ti kú. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fi owó ara rẹ̀ bọ́, gba ife ní 1985 àti 1987. Òun náà ti di ìtàn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn alátìlẹyìn léèrè kí wọ́n tó pa àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn baseball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ìráhùn kan náà ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń ráhùn. Ní 2023, ẹgbẹ́ Mets ti New York ná ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ sórí owó àwọn eléré rẹ̀. Ìgbà 75 ni wọ́n borí, ìgbà 87 ni wọ́n pàdánù. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ Rays ti Tampa Bay, tí owó tirẹ̀ kò tó 100 mílíọ̀nù, borí nígbà 99. Ní Oakland sì rèé, àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ Athletics kún pápá ní oṣù Kẹfà 2023 láti pariwo pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tà á, nítorí kò náwó, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Lẹ́yìn sáà 2024, ó gbé e lọ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó náwó láìmọ bó ṣe ń ná an pàdánù, àwọn tí olówó wọn kò sì fẹ́ náwó mọ́ pàdánù ẹgbẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Sunshine Stars kò fìgbà kan jẹ́ ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì 2011, wọ́n sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ní ọdún náà. Ní 2012, wọ́n tún dé irú ìpele yìí nínú èyí tó ga jù lọ, Champions League. Al Ahly ti Íjíbítì, tó gba ife náà níkẹyìn, ni wọ́n bá gbá ọ̀mì 3 sí 3, kí wọ́n tó pàdánù ní 1 sí òdo ní Cairo. Góòlù kan ló là wọ́n. Godfrey Oboabona, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, wà nínú àwọn tó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 2013.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti gbá ọ̀mì 3 sí 3 yẹn? Ìjẹ̀bú-Òde ni! Pápá Àkúrẹ́ kò dé ìwọ̀n tí àjọ CAF ń fẹ́. Ará Ìfọ́n tó lè wọ mọ́tò láàárọ̀ kí ó dé Àkúrẹ́, kí ó sì padà sùn sílé, ní láti la ìpínlẹ̀ já kí ó tó rí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn rẹ̀. Àkókò yẹn ló yẹ kí wọ́n tún pápá ṣe, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n di àwọn tó wà nílẹ̀ mú. Oboabona lọ sí Turkey ní 2013, àwọn mìíràn náà túká díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà, ìròyìn owó oṣù tí wọn kò san kì í tán. Agbábọ́ọ̀lù tí ebi ń pa kò ní dúró. Bí ó bá lọ, wọ́n á wá òmíràn tí yóò gba ìlérí. Gómìnà yí padà, alága yí padà, kóòṣì yí padà. Ta ni yóò wá gbin ohun tí ẹlòmíràn yóò kórè?

Ohun tí Remo Stars ṣe yàtọ̀ nìyẹn. Owó wà lọ́wọ́ Kunle Soname tó ni ẹgbẹ́ náà, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi owó ṣe: ó kọ́ pápá sí Ìkẹ́nnẹ́, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits sílẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gòkè wá sínú ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ náà já bọ́ rí, kò tú u ká. Ó gòkè padà ní 2021, ó ṣe ipò kejì ní 2023, ó tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ìjọba tiwa ì bá ti lé kóòṣì nígbà méjèèjì. Àwọn ní sùúrù, Daniel Ogunmodede sì gba líìgì fún wọn ní 2025.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé Leventis. Ẹni kan ṣoṣo ló ni Remo Stars, ẹni kan sì lè sú. Ní Jámánì, òfin ti wà láti 1998 pé ó kéré tán, ìdajì ìbò àti ọ̀kan lé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá. Olówó lè wá, ṣùgbọ́n kò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó ní òun ti pa ẹgbẹ́ rẹ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa bèèrè.

Fún Sunshine Stars, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí wọ́n má ṣe kó ọgbọ̀n àlejò dé torí pé wọ́n fẹ́ gòkè kíákíá. Kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ jáde lọ́dọọdún, kí ará Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa lè kà á, nítorí owó wọn ni. Kí wọ́n san owó oṣù lásìkò. Kí wọ́n sì rán àwọn tó lójú bọ́ọ̀lù lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Mudà Lawal tòní lè wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Benin báyìí, tí ó ń fi ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì nu òógùn ojú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ wò ó, Arsenal ni yóò máa wò títí tí yóò fi dàgbà.