NBA Jam: bí wọ́n ṣe ń gbá a, àti ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ náà

NBA Jam jẹ́ eré básíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀rọ, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú agbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Midway ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1993, Mark Turmell ló sì darí iṣẹ́ náà. Inú àpótí ńlá ló kọ́kọ́ wà, irú èyí tí èèyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀, tó máa fi owó onírin sí kó tó gbá. Lọ́dún 1994 ló dé orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifísọ̀n nílé, bíi Super Nintendo.

Básíkẹ́ẹ̀tì gidi, èèyàn márùn-ún ló ń kojú márùn-ún. Èyí, méjì sí méjì ni. Bọ́tìnì mẹ́ta péré lẹ máa lò: ọ̀kan fún jíju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, ọ̀kan fún jíjù ú sí ẹnìkejì yín, ọ̀kan fún eré àsápajúdé, tí wọ́n ń pè ní turbo. Tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ yín, àwọn bọ́tìnì yẹn náà lẹ máa fi dí i tàbí já a gbà. Ẹ lè ti ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú, kò sẹ́ni tó máa fọn fèrè. Àmọ́ ẹ má di turbo mú ṣinṣin o! Ó máa ń tán, ẹ sì ní láti fi í sílẹ̀ kó tó tún kún.

Ibi tí eré yìí ti dùn jù ni iná. Tí ẹnì kan bá ju mẹ́ta wọlé tẹ̀léra, ohùn kan á pariwo pé ó ti gbiná. Látìgbà yẹn, turbo rẹ̀ kì í tán mọ́, bọ́ọ̀lù tó bá sì jù láti òkèèrè á máa wọlé ṣáá. Tí ẹni tí ẹ ń bá gbá bá gbiná, ẹ wá ayò kan kíákíá, ì báà jẹ́ olójú méjì. Iná á kú lójú ẹsẹ̀.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Houston Rockets. Mutombo ọmọ Kóńgò wà ní Denver. Ẹ ò ní rí Michael Jordan níbẹ̀, torí ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kò sí lára èyí tí wọ́n gbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń ran ẹni tó ń pàdánù lọ́wọ́, kí ayò wọn má bàa jìnnà síra. Nídìí àpótí olówó, ìyẹn ló ń mú kí ọmọ tún ki ọwọ́ bọ àpò. Ní tilé, ẹ lè pa ìrànlọ́wọ́ yẹn nínú ètò rẹ̀.

Ojúsàájú tún wà ńbẹ̀. Turmell, tó fẹ́ràn Detroit Pistons, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi àṣẹ kan pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà: tí Chicago Bulls bá ń bá Pistons gbá, tí ayò sún mọ́ra, bọ́ọ̀lù tí Bulls bá jù ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn kò ní wọlé. Ẹni tó bá mú Bulls, kó tètè ju tiẹ̀ kí àkókò tó tán.