Ètò Oúnjẹ ní Ìhà Ìdí-Ìrókò: Ìtàn Ọjà, Oko àti Ẹnubodè

Ètò oúnjẹ àgbègbè, èyí tí í ṣe ṣíṣètò oko, ọ̀nà àti ọjà àwọn ìlú tó múlé gbera wọn papọ̀ kí ohun tí wọ́n ń gbìn lè bọ́ wọn kó sì mówó wọlé fún wọn, ti wà ní ìhà Ìdí-Ìrókò, ní ààlà Nàìjíríà àti Benin, kí ìjọba kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé àwọn ọjà ọrọọrún pín ọjọ́ láàrin ara wọn débi pé alágbàtà tó ná ti ìlú kan lónìí lè ná ti ìlú mìíràn lọ́la.

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 la àárín àwọn ọjà wọ̀nyí kọjá: Ìlaròó, Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu, Pobẹ̀ àti Ìṣakẹ́tẹ́ sì di ti Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1976 bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá fún iṣẹ́ àfipáṣe lọ́dọ̀ Faransé wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà náà kò já okùn ẹbí, kò sì já ti òwò.

Láti ọdún 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ti dá àwọn àgọ́ oko sílẹ̀ ní àwòkọ́ṣe ti Ísírẹ́lì, níbi tí olúkúlùkù ti ní oko tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn jọ ń rà, tí wọ́n sì jọ ń tà. Adó-Odò àti Sáwọ̀njọ wà lára wọn. Èrò tó jinlẹ̀ ni, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jáde ilé ìwé ni ó gbójú lé, kò sì fún àwọn obìnrin tó ń dín gàárì tí wọ́n sì ń kó o lọ sọ́jà ní àyè tó tọ́ sí wọn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n tún fòfin de gbígbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà tu kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ epo ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín ń mu. Òfin tó fẹ́ dáàbò bo àgbẹ̀ onírẹsì wá ni àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lára. Wọ́n ṣí ẹnubodè Sèmẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò dúró di oṣù Kẹrin ọdún 2022, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fẹnu kò pé kí irè oko máa kọjá láàrin àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsan owó orí ẹrù.