Ìtọ́jú Iṣan àti Oríkèé: Láti Igbóbì dé Makera
Ọdún 1945 ni físíótẹ́rápì, èyíinì ni ìtọ́jú tí a ń fi ìdárayá àti ọwọ́ ṣe fún iṣan àti oríkèé, fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Igbóbì ní Èkó, nítorí àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè kọ́ni níṣẹ́ náà ní 1966. Láàárín àkókò yìí ni Makera àti Kakuri, ní gúúsù ìlú Kàdúná, di àdúgbò ilé iṣẹ́ aṣọ: Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, United Nigerian Textiles Limited (UNTL) sì tẹ̀lé e ní àárín àwọn ọdún 1960. Ìdúró gbọọrọ nídìí ẹ̀rọ, bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ẹrù gbígbé jẹ́ iṣẹ́ tó máa ń da ẹ̀yìn, èjìká àti orúnkún láàmú.

Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985, ń tan ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ìyẹn ìtọ́jú àkọ́kọ́ tó sún mọ́ aráàlú, kálẹ̀, orí nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni a gbé e kà. Ilé ìwòsàn ńlá ni àwọn onífísíò wà. Àlàfo ńlá ni èyí fún àdúgbò òṣìṣẹ́, nítorí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, oògùn apàrora tàbí ọwọ́ àwọn tó ń to egungun ló kù fún un. Nígbà tí UNTL sì kógbá sílé ní 2007, owó oṣù tí òṣìṣẹ́ lè fi wá ìtọ́jú náà lọ.