Aloe Alámì: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀, Ibi Tí Ó Ń Hù àti Ohun Tí Ó Wúlò Fún

Ewéko tí a ń pè ní Aloe vera kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Àwọn kan ń pè é ní ètí erin, àwọn mìíràn ń pè é ní ahọ́n erin. Àwọn kan ń fi í pa ojú, àwọn kan ń fi í pa irun, àwọn mìíràn sì ń fún un mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ewéko yìí ní ẹbí púpọ̀. Irú aloe tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ti kà lé ní 500, Áfríkà, Madagascar àti ilẹ̀ Lárúbáwá sì ni orísun èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà nínú ara ènìyàn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

A fẹ́ ṣe àlàyé lórí ọ̀kan nínú wọn tí ó rọrùn láti ṣì mú ní Aloe vera: Aloe maculata, èyí tí a ó máa pè ní aloe alámì nínú àkọsílẹ̀ yìí. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti di òdòdó ọgbà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ mọ irú ewéko tí ó jẹ́.

Orúkọ rẹ̀

Carlo Allioni, onímọ̀ nípa ewéko ará Ítálì, ni ó fún un ní orúkọ Aloe maculata ní ọdún 1773. Ní èdè Látìnì, maculata túmọ̀ sí alámì. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìwé mìíràn ń pè é ní Aloe saponaria, nítorí pé oje rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ. Ẹni tí ó bá rí orúkọ kejì yìí lára ìkòkò òdòdó kí ó mọ̀ pé ewéko kan náà ni. Ní ilẹ̀ tí ó ti wá, àwọn Zulu ń pe àwọn aloe alámì ní icena.

Bí ó ṣe rí

Ewé aloe alámì kì í ga sókè. Wọ́n yí ara wọn ká nílẹ̀ bí ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọ́n nípọn, omi sì kún inú wọn. Ewé kan lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì fẹ̀ nídìí. Etí ewé náà ní ẹ̀gún kéékèèké tí ó le, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti igi gbígbẹ. Ṣóńṣó orí ewé sábà máa ń gbẹ, á sì lọ́ pọ̀.

Orí ewé ni àmì rẹ̀ pọ̀ sí. Àwọn àmì náà funfun ráńdánráńdán, wọ́n sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà ìlà. Abẹ́ ewé sábà máa ń mọ́ láìní àmì. Bí oòrùn bá pa ewéko náà gidigidi tàbí tí òjò bá wọ́n, àwọ̀ ewé lè pọ́n.

Bí ó bá tó àkókò, ọ̀pá òdòdó máa ń yọ láti àárín ewé, ó lè ga tó mítà kan, ó sì máa ń yà sí ẹ̀ka. Orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni òdòdó máa ń pé jọ sí, tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí agbòòrùn tí a ṣí. Òdòdó kọ̀ọ̀kan gùn bí ọ̀pá ihò tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ sì wú róbótó. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti ìyeyè, ti ọsàn tí ó pọ́n, tàbí pupa.

Ìyàtọ̀ láàrin òun àti Aloe vera

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì ara ewé nìkan dá wọn mọ̀. Aloe vera tí ó ṣì kéré máa ń ní àmì funfun lára, àwọn mìíràn a sì gbé e dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aloe kan wà tí wọ́n ń hù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà títí dé Ethiopia, bí Aloe macrocarpa, tí ewé tiwọn náà ní àmì.

Ẹ wo bí ewé ṣe dúró: ti Aloe vera máa ń nà sókè, ó máa ń gùn ju ti aloe alámì lọ, kò sì fẹ̀ tó o nídìí. Ẹ wo òdòdó pẹ̀lú, nítorí òun ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Òdòdó Aloe vera máa ń tò mọ́ ọ̀pá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ṣírí àgbàdo, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ìyeyè. Ti aloe alámì ni ó máa ń tẹ́ lórí. Bí ewéko kò bá tíì tanná, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ orísun rẹ̀, kí a má ṣe sọ pé Aloe vera ni.

Ibi tí ó ti ń hù

Gúúsù Áfríkà ni ilé aloe alámì. Ó wà láti agbègbè Cape, ó gba KwaZulu-Natal kọjá dé Mpumalanga, ó sì wà ní Lesotho àti Eswatini pẹ̀lú. A lè rí i ní etí òkun níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń fẹ́, ní pápá koríko, láàrin àpáta, àti lórí òkè níbi tí òtútù ti ń mú nígbà ọyẹ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó lè gbé ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ni bí ó ṣe ń mí. Ọ̀pọ̀ ewéko ló máa ń ṣí ihò tíntìntín ara ewé wọn ní ọ̀sán, omi á sì máa ti ibẹ̀ jáde lọ. Aloe máa ń pa ihò tirẹ̀ dé ní ọ̀sán, á sì ṣí i ní òru tí ilẹ̀ bá ti tutù. Omi tí ó bá fà pamọ́ sínú ewé á sì tó o jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Omi dídùn inú òdòdó rẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn. Bí wọ́n ti ń mu ún ni wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara ewéko kan dé ara òmíràn. Yàtọ̀ sí irúgbìn, ewéko náà tún máa ń yọ ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun tí ó wúlò fún

Iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n jù ni ti ọṣẹ. Bí a bá gé ewé rẹ̀, tí a fi ọwọ́ ra oje rẹ̀ nínú omi, yóò hó. Àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ti ń fi í wẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Lónìí, iṣẹ́ ọgbà ni a ń lò ó fún jù, nítorí òdòdó rẹ̀ rẹwà, kò sì fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀.

Ìkìlọ̀ lórí oje rẹ̀

Omi méjì ni ó wà nínú ewé aloe, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Èyí tí ó wà láàrin ewé ni omi yíyọ̀ tí ó ń fà bí ilá. Èyí tí ó wà lábẹ́ èèpo ewé ni oje aláwọ̀ ìyeyè tí ó korò bí ewúro. Oje kíkorò yìí a máa mú ni yàgbẹ́ gidigidi, ara ẹlòmíràn sì lè yún bí ó bá kàn án.

Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 kìlọ̀ pé kí aláboyún, abiyamọ tí ó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 má ṣe lo oje gbígbẹ yìí. Ní ọdún 2002, ìjọba Amẹ́ríkà yọ oògùn ìyàgbẹ́ tí a fi oje aloe ṣe kúrò lára àwọn oògùn tí a lè tà láìní ìwé dókítà. Ní ọdún 2016, IARC, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka omi tí a fún láti inú odidi ewé Aloe vera pẹ̀lú oje kíkorò rẹ̀ mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ. Ara eku ni ẹ̀rí náà ti wá.

Bí ó bá jẹ́ pé Aloe vera tí a mọ̀ ni a ń sọ èyí nípa rẹ̀, kò yẹ kí a fún aloe tí a kò mọ̀ mu rárá. Nítorí náà, a rọ̀ yín pé:

1. Ẹ má ṣe mu oje aloe alámì, ẹ má sì fún ọmọdé mu.
2. Bí ẹ bá fẹ́ ra ohun mímu tàbí oògùn tí a fi aloe ṣe, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.
3. Kí ẹ tó fi oje aloe pa ara, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ sì dúró wò ó.
4. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, tí inú ń run ún tàbí tí ìgbẹ́ kò dá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ewé náà dání.

Òfin lórí òwò rẹ̀

Àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES, tí a ṣe ní ọdún 1973, ń ṣọ́ bí a ṣe ń kó ewéko àti ẹranko inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1974. Gbogbo irú aloe ni ó wà lábẹ́ àdéhùn yìí, àfi Aloe vera nìkan. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kó aloe alámì wọlé tàbí jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ tí ó yẹ.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Òtútù àti oòrùn kò tètè pa aloe alámì, ṣùgbọ́n omi tí ó bá dúró sí ìdí rẹ̀ yóò mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ní ilẹ̀ òjò bí tiwa, inú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí ni ó dára jù láti gbìn ín sí, kí a sì po yanrìn mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Kí a gbé e síbi tí oòrùn ń dé, kí a má sì bomi rin ín títí erùpẹ̀ yóò fi gbẹ. Nítorí ẹ̀gún etí ewé rẹ̀, kò yẹ kí ó wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà sáré.

Ẹni tí ó bá ní irú ewéko yìí nílé tí kò sì dá a mọ̀ lè gé ewé kan pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, kí ó mú un lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò.