Gbèsè Ewékorò

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Abẹ́òkúta, ẹni tí a ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ni yóò wá oúnjẹ àti ẹmu. Bí ó bá jẹ́ àáró, iye ọjọ́ tí mo fi ro oko rẹ ni ìwọ náà yóò fi ro tèmi. Ìwọ̀fà pàápàá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èlé lórí owó tí a yá, ọmọ onílé ni. Olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹrú, nítorí pé ẹbí rẹ̀ wà nítòsí, wọ́n sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. N kò sọ pé ètò náà dára o. Ọmọ mìíràn dàgbà sídìí gbèsè tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ojúṣe ayé ìgbà náà ní ojú: a mọ ilé ẹni tí a óò lọ bá bí ó bá ṣẹ̀ wá.

Ìjọba amúnisìn ni ó mú iṣẹ́ tí kò lójú wọ Ẹ̀gbá. Òmìnira Ẹ̀gbá dópin ní 1914. Nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lójú ọ̀nà di ẹrù tí kò ṣeé rù mọ́, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918, àwọn jagunjagun sì hú irin rélùwéè ní gúúsù Abẹ́òkúta. Wọn kò rí Lugard bá wí. Irin ni wọ́n bá wí.

Ìhà gúúsù yẹn náà ni Ewékorò wà. Ní 1959 ni a dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì jọ ní ìpín nínú rẹ̀. Ní 1960, sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti inú òkúta ẹfun ilẹ̀ náà. Owó oṣù dé, iṣẹ́ dé. Eruku náà dé. Ó ń bà lé páànù, ó ń bà lé ewé kòkó àti ewé ẹ̀gẹ́. Láfún funfun, eruku funfun: ta ni yóò ya ọ̀kan kúrò lára èkejì?

Òfin kò gbàgbé òṣìṣẹ́. Láti 1941 ni òfin owó gbà-má-bínú ti wà fún ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ti 2010 ni ó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ti àgbẹ̀ tí kò gba owó oṣù, tí eruku sì ń bà lé oko rẹ̀? Òfin Ilẹ̀ 1978 tún fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú wàhálà: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ̀, iye igi obì àti ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ ni a óò san fún un, a kì í san owó ilẹ̀ tí ìbá hu òmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ṣe fún ìlú, ìbáà ṣe kànga tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bùn ni a ń pè é. A ń lùlù, a ń jó, a ń dúpẹ́. Ní tèmi, ẹni tí ó ń jẹ ọ́ lówó kò gbọdọ̀ gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ kí ó tó san án.

Òfin Ìwakùsà 2007 ló yí èyí padà. Ó ní kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kànga kúrò ní ẹ̀bùn, ó di ohun tí a kọ sílẹ̀.

Ní báyìí, olówó Ewékorò ti ń pààrọ̀: Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ní 2001, Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2025. Ìpín ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí àdéhùn ṣì wà níbẹ̀. Ìyá tí ń sá láfún lẹ́bàá ọ̀nà Ewékorò kò nílò láti gbọ́ Faransé tàbí èdè Ṣáínà kí ó tó béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.