Sányán àti Àfòpiná Rẹ̀: Ṣẹ́dà Tí A Kò Sìn Rí

Bí ènìyàn bá bèèrè sányán, aṣọ ṣẹ́dà ìbílẹ̀ Yorùbá, lọ́wọ́ àwọn aláṣọ òkè ní Jáńkárà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni wọn yóò tú sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ lónìí ni kò ní fọ́nrán kòkòrò kankan nínú. Òwú tí wọ́n pa láró ni, tàbí òwú ẹ̀rọ. Àwọ̀ ló kù. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń hun ṣẹ́dà, ṣùgbọ́n a kò sin kòkòrò rẹ̀ rí, ibẹ̀ sì ni okùn ti já.

Àwọn ará Ṣáínà ti ń sin kòkòrò ṣẹ́dà tiwọn, Bombyx mori, fún nǹkan bí 5,000 ọdún. Ó ti di ẹran ilé pátápátá, àfòpiná rẹ̀ kò tilẹ̀ lè fò mọ́. Orí àtẹ ni wọ́n ti ń fún un ní ewé mulberry jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò ti pààrọ̀ awọ lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì hun ilé tí okùn rẹ̀ lè gùn ju mítà 600 lọ láìjá.

Kòkòrò sányán tiwa yàtọ̀. Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ kòkòrò, tí wọ́n lè tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò para pọ̀ hun àpò ńlá kan sórí igi, kí kálukú tó wá hun yàrá tirẹ̀ sínú rẹ̀. Agboolé ni, bí agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an. Anaphe infracta fẹ́ràn igi ìrà, A. venata ń jẹ ewé arère. A. moloneyi ti ilẹ̀ Hausa ń jẹ àjàgbọn, tí wọ́n ń pè ní tsamiya. Orúkọ igi yìí náà ni wọ́n fi ń pe ṣẹ́dà rẹ̀.

Orúkọ moloneyi yìí mú wa padà sí Èkó. Alfred Moloney, tó ṣe gómìnà Èkó títí di 1891, ni wọ́n fi sọ kòkòrò náà lórúkọ. Òun ló kọ ìwé lórí igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1887, ìgbà tirẹ̀ ni ọgbà ohun ọ̀gbìn ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn òyìnbó rò pé Anaphe lè di ọjà òkèèrè. Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Kò bọ́ sí i.

Ẹni tó bá ti tú àpò náà rí kò ní bèèrè ìdí. Irun ara kòkòrò tó kún inú rẹ̀ a máa yún ènìyàn títí awọ yóò fi lé. A kò lè fa okùn rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan bíi ti Bombyx. Ńṣe ni wọ́n ń fi omi eérú sè é kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè tú, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ran án bí òwú. Onímọ̀ kòkòrò kan, Golding, kọ̀wé lórí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ní 1942, J. C. Ene sì kọ̀wé lórí híhun ṣẹ́dà nínú Nigeria Magazine ní 1964. Lójú tèmi, iṣẹ́ ilé kò fìgbà kan sọnù nínú sányán: ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n já àpò kúrò lórí igi ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ti ẹnu tún wà níbẹ̀. Ènìyàn ń jẹ kòkòrò náà, ó sì dùn, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, tí iná ìdáná kì í tètè pa. Ní àwọn ọdún 1990, Dókítà Bọ́lá Adámọlẹ́kún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ so jíjẹ kòkòrò náà pọ̀ mọ́ àìsàn ìgbà òjò tó ń mú ara gbọ̀n, tí aláìsàn kì í fi lè dá rìn. Èyí tí a bá sì ti jẹ, kò tún lè di àfòpiná.

Ǹjẹ́ a lè sin kòkòrò ṣẹ́dà ní ẹ̀yìnkùlé ní Èkó? Anaphe ń fẹ́ odindi igi, irun rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ará ilé sùn. Bombyx lè ṣeé ṣe bí mulberry bá wà nítòsí, àmọ́ ewé tí omi wà lára rẹ̀ àti ọ̀rinrin ọ̀sà yóò máa kó àrùn bá a.

Ẹni tó bá ṣì ń wá ojúlówó, kí ó tọrọ fọ́nrán kan lọ́wọ́ aláṣọ, kí ó ṣáná sí i. Òórùn irun tó jóná ni ti kòkòrò. Òórùn bébà ni ti òwú.