Àìdọ́gba nínú Ìtọ́jú Eyín Àwọn Àgbàlagbà: Ifẹ̀wàrà àti Agbègbè Rẹ̀

Ìtọ́jú eyín kì í dọ́gba láàrin àwọn àgbàlagbà. Ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó kàwé, tó sì ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn ló máa ń tètè rí dókítà eyín. Tálákà a máa fara dà á títí ìrora yóò fi gba oorun lójú rẹ̀. Ifẹ̀wàrà, ìlú àgbẹ̀ kòkó àti awawúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere.

Dókítà eyín kò kúkú jìnnà sí agbègbè náà. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ó sì ní ilé ìwòsàn eyín. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì náà lè yà lọ sí ilé ìwòsàn yìí kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, láìpàdánù kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà yóò pa oko tì lọ́jọ́ náà, yóò wá owó ọkọ̀, owó káàdì àti owó ìtọ́jú. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè lọ.

Ihò kan náà lè wà nínú eyín àwọn méjèèjì. Bí ihò náà bá kéré, dídí ló gbà, ìjókòó kan sì lè parí rẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí iṣan wà, àfi kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín náà bí wọn kò bá fẹ́ yọ ọ́. Ìyẹn lè gba ìpàdé bíi mélòó kan, owó rẹ̀ sì ga. Yíyọ ló dínwó jù. Kí àgbẹ̀ wa tó dé ibẹ̀, ó ti ki kànáfùrù bọ inú ihò náà, ó ti fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó ti ra oògùn ìrora ní kẹ́místì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti wú. Eyín tí à bá dí ti di èyí tí wọ́n ń yọ.

Àwọn kan a ní àìmọ̀ ló fà á. Mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí kì í jáde láàárọ̀ láì fi pákò fọ ẹnu. Pákò kò kàn lè dí ihò ni.

Kíka eyín lè fi àìdọ́gba yìí hàn. Ọdún 1938 ni Henry Klein àti Carroll Palmer gbé ọ̀nà kan jáde ní Amẹ́ríkà láti máa ka eyín tó jẹrà, èyí tó ti yọ àti èyí tí a dí. Bí eyín tí a dí ṣe pọ̀ tó láàrin wọn ló máa ń fi hàn bóyá ìtọ́jú tètè dé.

Àìdọ́gba yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní 1971, dókítà Julian Tudor Hart ní Wales kọ ọ́ pé ibi tí àìsàn ti pọ̀ jù ni ìtọ́jú gidi ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé èèyàn tó tó bílíọ̀nù 3.5 ló ní àrùn ẹnu.

Ní Nàìjíríà, ètò adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Wọ́n lè yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Ta ni yóò yọ ti àgbẹ̀ tó ń rówó nígbà kòkó nìkan?

Bí eyín èrìgì méjì tàbí mẹ́ta bá ti lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ni baba àgbẹ̀ wa yóò máa fi jẹun. Iyán kò fura. Ìgbà tí wọ́n bá gbé àgbàdo sísun wá ni yóò na tirẹ̀ sí ọmọ-ọmọ.